Bí a ṣe ń kó ara ẹni níjàánu tí ọjà rírà bá ti di bárakú

Àpà a máa náwó, a sì máa jẹ ayé orí rẹ̀. Ti ẹni tí ọjà rírà ti di bárakú fún yàtọ̀. Á ra bàtà tí kò nílò, inú rẹ̀ á dùn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò fi ìtìjú gbé e pamọ́, tòun ti rísíìtì, kí ará ilé má baà rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní oníwọ̀ra. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti mọ ìṣòro yìí: Emil Kraepelin, dókítà ọpọlọ ará Jámánì, kọ nípa rẹ̀ ní 1915, ó sì pè é ní oniomania. ICD-11, ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń to àìsàn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, náà mẹ́nu kàn án láàárín àwọn ìṣòro àìlèkóra-ẹni-níjàánu.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wá ìwé kékeré kan. Ìgbàkígbà tó bá ń ṣe yín bíi kí ẹ rajà, yálà ẹ rà á tàbí ẹ ò rà á, ẹ kọ aago tó lù, ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, àti bí ọkàn yín ṣe rí.

Lójú tèmi, ìwé yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Dókítà Donald Black ní Amẹ́ríkà pín ìṣòro náà sí ìpele mẹ́rin: ríronú nípa ọjà, mímúra sílẹ̀, wíwo ọjà kiri, àti sísan owó. Ìpele ìkẹyìn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń fẹ́ bá a jà, nígbà tí káàdì ti wà lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ jù. Dopamine, èròjà inú ọpọlọ tó ń sún wa sí ohun tí à ń fẹ́, kì í dúró dìgbà tí nǹkan bá tẹ̀ wá lọ́wọ́. Bí a ṣe ń retí rẹ̀ ló ti ń ru sókè. Tí ẹ bá ka ìwé yín padà, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ìbànújẹ́, ìdánìkanwà, ìbínú tàbí àìrí nǹkan ṣe ló ń ṣáájú léraléra, ohun yòówù kí ẹ rà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mú kí ọ̀nà jìn

Ẹ pa nọ́ńbà káàdì yín rẹ́ lórí fóònù. Ẹ yọ áàpù ìtajà kúrò. Ẹ fi owó ọwọ́ sanwó níbi tó bá ti ṣeé ṣe, torí owó tí a fojú rí tó ń lọ máa ń dunni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ jẹ́ kó kọjá

Bí ìgbì omi ni ìfẹ́ láti rajà ṣe ń rí: á ga, á sì rọlẹ̀. Alan Marlatt, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá, kọ́ àwọn tó ń jà fitafita pẹ̀lú bárakú pé kí wọ́n gun ìgbì náà dípò kí wọ́n bá a wọ̀jà. Ẹ jókòó. Ẹ kíyè sí ibi tó ti ń mú yín lára, bóyá àyà tàbí ọwọ́. Ẹ sún ọjà náà di ọ̀la.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ sọ fún ẹnì kan

Ẹnì kan péré tí kò ní bú yín ti tó. Ohun tí à ń fi pamọ́ ló máa ń gbilẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ rí dókítà

Kò tíì sí oògùn kan tí a fọwọ́ sí fún ìṣòro yìí gan-an, àmọ́ ìtọ́jú tó ń tún èrò àti ìṣesí ṣe, tí wọ́n ń pè ní CBT, ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Dókítà yóò tún wò ó bóyá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí bipolar, àìsàn tó ń gbé ọkàn sókè sódò, ló wà nídìí rẹ̀. Nígbà mìíràn, oògùn ló ń fà á: pramipexole àti ropinirole tí wọ́n ń lò fún àìsàn Parkinson, èyí tó ń mú kí ara máa gbọ̀n, lè dá a sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni aripiprazole, oògùn àìsàn ọpọlọ, tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ṣèkìlọ̀ nípa rẹ̀ ní 2016. Tí ẹ bá ń lo ọ̀kan nínú wọn, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ mú ìwé kékeré yẹn lọ sọ́dọ̀ dókítà tó kọ oògùn náà fún yín, kí ẹ jọ fi ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn wé ìgbà tí ọjà rírà náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.