Bí mo ṣe lé àwọn ìpolówó tó ń jẹ dátà mi kúrò lórí fóònù

Dátà tí mo rà pé kí n fi lo oṣù kan, kò tó ìdajì oṣù tó fi tán. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, lápá Tákí, orí íntánẹ́ẹ̀tì la sì ti ń wá sítáì báyìí. Láti ìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìpè àti dátà, ti fọwọ́ sí i, ní oṣù kìíní ọdún 2025, pé àwọn oníléeṣẹ́ ìpè lè fi owó lé owó títí dé ìdá 50 nínú 100, mò ń ṣọ́ dátà lò ni. Èmi ń ṣọ́ ọ, ẹlòmíì ń bá mi ná an. Mà á tẹ àwòrán búbá kan báyìí, ojú ewé mìíràn á ṣí gbàgà, fídíò á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n á ní mo ti gba ẹ̀bùn fóònù tuntun. Ta ló bá wọn ta tẹ́tẹ́?

Èyí tó wá bí mi nínú jù ni ti ìyá ìjọ kan tó wá yan sítáì ańkárá. Mo gbé fóònù lé wọn lọ́wọ́, ohun tó yọ síta níbẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ. Màmá yára dá a padà bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Wọ́n ní, “Ìyá aránṣọ, ṣé sítáì lèyí náà?” Ojú tì mí débi pé n kò lè dáhùn.

Mo gbé fóònù lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Under G. Kò tíì wò ó dáadáa tó fi ní, “Màmá, fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́, a máa flash ẹ̀ ni, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà.” Mo ní àwọn àwòrán tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́, àti ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà mi? Ó ní gbogbo ẹ̀ á lọ. Mo gba fóònù mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọjá lọ.

Pop-up ni wọ́n ń pe ojú ewé tó ń ṣí fúnra rẹ̀ yẹn. Ibi tí wọ́n ti ń dí i nínú Chrome, áàpù tí mo fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, kò fara sin. Ẹ tẹ ààmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè, Settings, Site settings, Pop-ups and redirects, ẹ pa á. Ó tán.

Àmọ́ nígbà tí mo débẹ̀, ó ti wà ní pípa tẹ́lẹ̀! Mo tàn án, mo tún un pa. Mo pa fóònù fúnra rẹ̀, mo tàn án, wọ́n ṣì ń yọ. Mo nu gbogbo ohun tí Chrome tọ́jú, àfi bí gbogbo ibi tí mo ti wọlé sí ṣe lé mi jáde, mo wá jókòó mò ń wá password kiri. Ọmọ iṣẹ́ mi ní kí n fi STOP ránṣẹ́ sí 2442. Mo fi ránṣẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó dín kù lóòótọ́, torí ohun tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn, ṣùgbọ́n tinú Chrome kò gbọ́ STOP kankan. Inú bí mi, mo rò ó pé bóyá kí n kúkú lọ san ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náà.

Fóònù wà lórí máṣíìnì, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, ló bá dún. Ìpolówó ni, ó yọ lókè. Ìgbà yẹn ni mo ròó pé, ojú ewé tí n kò ṣí, báwo ló ṣe ń yọ sí mi? Mo fà á wálẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́. Orúkọ Chrome ló wà níbẹ̀, orúkọ ìkànnì kan tí n kò gbọ́ rí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà wínńiwínní.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá rèé. Ìkànnì á kọ ọ́ pé kí o tẹ Allow kí àwọn lè mọ̀ pé o kì í ṣe róbọ́ọ̀tì, tàbí kí fídíò lè ṣí. Ẹni bá ti tẹ̀ ẹ́ ti fún wọn láṣẹ láti máa ránṣẹ́ sí fóònù nígbàkígbà, bí ojú ewé wọn tilẹ̀ ti wà ní títì. Pípa pop-up kò kan irú èyí rárá, ẹnu ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà. Mo wọ Site settings, mo tẹ Notifications: orúkọ rẹpẹtẹ! Ẹ má ṣe rò pé pípa bọ́tìnì òkè nìkan tó o. Ìyẹn á dí àwọn tó bá fẹ́ wá béèrè lẹ́yìn náà. Àwọn tó ti wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ óò tẹ̀ kí ẹ tó dí wọn. Mo dí gbogbo wọn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, fóònù mi dákẹ́, mo sì gbéra ga díẹ̀.

Fún ìpolówó tó kù lójú ewé, bí Android yín bá jẹ́ 9 sókè, ẹ wá Private DNS (ibi tí fóònù ti ń béèrè àdírẹ́sì ìkànnì) nínú Settings fóònù, ẹ kọ dns.adguard-dns.com síbẹ̀, òun ló ń dí ọ̀nà ìpolówó. Kò ran ti YouTube. Bí ìkànnì kan bá kọ̀ tí kò ṣí, ẹ dá a padà sí Automatic. Ẹni bá sì ní kí ẹ fi uBlock Origin, àfikún tó ń dí ìpolówó, sínú Chrome orí fóònù, kò gbìyànjú ẹ̀ rí. Chrome Android kì í gba irú ẹ̀. Firefox, áàpù íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn bíi Chrome, ló ń gbà á, òun ni mo sì fi ń wá sítáì báyìí.

Obìnrin tó ń ta òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọ́, ó gbé tirẹ̀ wá. Tirẹ̀ kò sí nínú Chrome rárá, áàpù tọ́ọ̀ṣì kan ló ń gbé ìpolówó bo gbogbo ojú fóònù. A wo Display over other apps nínú Settings, ibi tí orúkọ àwọn áàpù tó lè yọ bo òmíràn lójú wà, a rí i níbẹ̀, a yọ ọ́ dànù. N kò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, òwú dúdú kan ni mo mú.