Bí a ṣe ń ka ìwé lítíréṣọ̀ fún aròkọ ní yunifásítì

Ohun tó ń gba máàkì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ jù lọ nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ ni kí ó máa sọ ìtàn inú ìwé padà fún olùkọ́. Olùkọ́ ti ka ìwé náà. Ohun tó fẹ́ rí ni bí òǹkọ̀wé ṣe lo èdè tí ìtàn náà fi wọni lára bó ṣe wọni, àti ẹ̀rí tí ẹ rí nínú ìwé fún ohun tí ẹ sọ. Aròkọ tí kò ju 1,500 ọ̀rọ̀ lọ ni a ní lọ́kàn níbí. Bí tiyín bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbésẹ̀ kan náà ni. Ẹ̀rí ni kí ẹ fi kún.

Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé náà tán láìmú bírò dání. Ẹni tó bá ń fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ láti ojú ìwé kìíní kò tíì mọ ibi tí ìtàn ń lọ, nítorí náà gbogbo nǹkan ni yóò dà bí ohun pàtàkì lójú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá kà á lẹ́ẹ̀kejì, ohun mẹ́ta péré ni kí ẹ sàmì sí: ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán tó ń padà wá, ibi tí ohùn asọ̀tàn ti yí padà, àti ibi tí kò yé yín. Ẹ̀kẹta yìí ló níye lórí jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń fò kọjá. Níbi tó ta kókó ni èrò tó ní láárí ti sábà ń jáde.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú àyọkà kan tí kò ju ìlà 20 sí 30 lọ, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín dà á kọ, kí ẹ sì kà á sókè. Ojú máa ń sáré; ọwọ́ kì í lè sáré tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré tí ojú fò ni ọwọ́ yóò kọsẹ̀ lára rẹ̀.

Ẹ wo gbólóhùn méjì tí a ṣẹ̀dá fún àpẹẹrẹ yìí: “Ìyá náà ń wo ọ̀nà. Ọ̀nà náà ń wo ìyá.” Akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ yóò kọ ọ́ pé òǹkọ̀wé lo ìfohunpènìyàn, wọn yóò sì kọjá lọ. Orúkọ ọnà èdè nìkan nìyẹn, kò tíì di àlàyé. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ló wà nínú gbólóhùn méjèèjì. Olùwà àti àbọ̀ ló pààrọ̀ ipò. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹni tó ń wo ọ̀nà ń retí ẹnìkan, àkànlò èdè tí gbogbo wa mọ̀. Ti èkejì dá àkànlò náà padà sí ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an, ọ̀nà wá di ohun tó ní ojú. Kò síbi tí wọ́n ti sọ pé ẹni tí ìyá ń retí kò dé, síbẹ̀ a mọ̀, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni láàárín òun àti ọ̀nà. Irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ ń wá: ọ̀rọ̀, ipò ọ̀rọ̀, àti ohun tí ipò náà ṣe fún ìtumọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìmọ̀lára tí ẹ ti gbé ka orí kí ẹ tó ṣí ìwé. Ní yunifásítì Cambridge, I. A. Richards, olùkọ́ lítíréṣọ̀ kan níbẹ̀, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ewì tí kò sí orúkọ akéwì lórí rẹ̀, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1929. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣi ewì náà túmọ̀. Lára ohun tó fà á ni pé èrò tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀ nípa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kà, wọn kò ka ohun tó wà lórí ìwé. Nítorí náà, ẹ kọ àkíyèsí tiyín sílẹ̀ kí ẹ tó ka iṣẹ́ lámèyítọ́ kankan. Bí ẹ bá wá ka mẹ́ta, ẹ fi gbólóhùn kan kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, kò tíì yé yín tó láti ta kò ó.

Èrò tí aròkọ dúró lé gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn lè jiyàn sí. “Òǹkọ̀wé lo àfiwé púpọ̀” kò ní àríyànjiyàn nínú. “Àfiwé inú ìwé náà ń dín kù bí asọ̀tàn ṣe ń gbàgbé ilé rẹ̀” ní in, a sì lè ka iye àfiwé tó wà ní orí kọ̀ọ̀kan láti wádìí rẹ̀ wò.

Àyọlò mẹ́rin sí mẹ́fà tó. Ẹ jẹ́ kí àlàyé yín gùn tó ìlọ́po méjì àyọlò, ó kéré tán. Bí ẹ̀ka yín bá ń lo ìlànà MLA (ọ̀kan lára ìlànà tí a fi ń kọ àyọlò àti ìtọ́kasí ìwé), àyọlò ọ̀rọ̀ geere tó ju ìlà mẹ́rin lọ, tàbí ewì tó ju ìlà mẹ́ta lọ, yóò dá dúró ní ìpínrọ̀ tirẹ̀ láìsí àmì àyọlò. Ewì tí kò tó bẹ́ẹ̀ ń wọ inú gbólóhùn yín, pẹ̀lú àmì / láàárín ìlà.

Bí ó bá jẹ́ ìtumọ̀ láti èdè mìíràn ni ẹ ń kà, ẹ má ṣe gbé àlàyé ka orí ìró ọ̀rọ̀: atúmọ̀ ló yan ìró yẹn. Ní ti àṣà, ẹ̀dá-ìtàn kan kì í ṣe gbogbo ènìyàn ilẹ̀ rẹ̀, ọdún tí wọ́n kọ ìwé sì lè jìnnà sí ọdún tí ìtàn inú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ ọdún méjèèjì sí òkè ìwé àkíyèsí yín.

Ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún alẹ́ kan kí ẹ tó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ ka gbólóhùn àkọ́kọ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan nìkan, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìpínrọ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “nígbà tí ó dé ibẹ̀” tàbí “lẹ́yìn èyí, ó lọ sí” ti ń sọ ìtàn. Ẹ pa gbólóhùn náà rẹ́, kí ẹ sì fi ohun tí ìpínrọ̀ náà fẹ́ fi hàn rọ́pò rẹ̀.