Bí ẹ̀rọ CPAP bá wà nílé, tí oorun kò sì dùn

Wọ́n gbé CPAP, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ síni nímú kí èémí má baà dá lójú oorun, dé láti ọsibítù, gbogbo ilé dunnú pé híhanrun bàbá yóò rọlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì pé tí ìbòmú ti ń rọ̀ lára ìṣó, tí bàbá sì ń tòògbé lórí àga lọ́sàn-án gangan. Mo ti bá irú rẹ̀ pàdé nínú ilé púpọ̀ débi pé n kì í bá ẹnikẹ́ni wí mọ́ tó bá ní òun ti pa ẹ̀rọ tì. Mo kàn máa ń bẹ̀ wọ́n ni: ẹ jẹ́ ká jọ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò ná.

Ẹni tí èémí rẹ̀ ń dá lójú oorun, ẹran ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló ń dẹ̀ tó ń dí ọ̀nà. Èémí á dá fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara á ta jí, á tún sùn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ará ilé á máa sọ pé oorun ń dùn mọ́ ọn torí pé ó ń hanrun. Kò dùn mọ́ ọn rárá. Ní 1981, dókítà Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney, Ọsirélíà, fi hàn pé bí a bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ imú láìdáwọ́ dúró, ọ̀nà ọ̀fun yóò ṣí sílẹ̀. Iṣẹ́ tí CPAP ń ṣe títí dòní nìyẹn. Ẹ má ṣì í mú fún àgbá ọ́síjìn: afẹ́fẹ́ inú yàrá yín náà ló ń fà tó ń fẹ́ síni nímú. Bí ẹ bá tan kọ́ìlì ẹ̀fọn tàbí tí ẹ fín oògùn ẹ̀fọn síbẹ̀, inú imú ẹni tó ń lò ó ni yóò gbà kọjá.

Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò

Ìyá kan sọ fún mi pé ẹ̀rọ òun ń fẹ́ òtútù sí òun lójú, òun sì ń jí ní aago méjì òru lójoojúmọ́. Mo ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń sùn, kí wọ́n tan ẹ̀rọ. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ etí ìbòmú yíká. Bí mo ṣe dé egungun imú báyìí, afẹ́fẹ́ tutù kan ọwọ́ mi, ìka mi sì yọ̀. Òrí ni. Alaalẹ́ ni Ìyá ń fi òrí pa ojú kí wọ́n tó sùn, bí wọ́n ti ń ṣe láti kékeré. Ẹ wo okùn tó de ìbòmú mọ́ orí, orí kókó irun dídì ló jókòó sí, tó ń yọ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

A fi ọṣẹ fọ ojú wọn, a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fífẹ́lẹ́ fọ rọ́bà ìbòmú, a jẹ́ kó gbẹ. Wọ́n wé ìborùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí, a gbé okùn sí abẹ́ kókó irun, a sì tún un fà lórí ìdùbúlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ títàn. Lórí ìjókòó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dè é. Bí wọ́n bá ti sùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á yí ipò padà, jíjò á bẹ̀rẹ̀. Ìyá sùn títí ìpè àsùbáà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa okùn le koko. Ó ń dá egbò sí egungun imú, afẹ́fẹ́ á sì tún máa jò síbẹ̀. Òrí àti ìpara ń ba rọ́bà náà jẹ́, nítorí náà ìgbà tí ẹ bá jí ni kí ẹ máa pa wọ́n. Ihò kéékèèké iwájú ìbòmú, tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde, kì í ṣe jíjò. Ẹ má dí i.

Bí ẹnu bá gbẹ lówùúrọ̀, tí ahọ́n lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, ẹnu ló ń ṣí lóru. Okùn tó ń di àgbọ̀n mú kí ẹnu má ṣí, tàbí ìbòmú tó bo ẹnu pọ̀ mọ́ imú ni kí ẹ bá dókítà sọ.

Omi, ọyẹ́ àti eruku

Ìgbà ọyẹ́ ni imú máa ń gbẹ jù, ike omi ẹ̀rọ, tó ń fi ọ̀rinrin sínú afẹ́fẹ́, sì ni ìtọ́jú rẹ̀. Omi aláìníyọ̀ (distilled water) tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn ló dára jù. Omi kànga àti bọ́hóòlù ń fi èépá funfun sílẹ̀. Ìwọ̀n ọtí kíkan (vinegar) kan sí omi mẹ́wàá yóò yọ ọ́, kí ẹ sì ṣàn án dáadáa. Àràárọ̀ ni kí ẹ máa da omi àná nù. Bí omi bá ń dà síni nímú lóru, yàrá ló tutù jù: ẹ fi aṣọ wé páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sí ìbòmú, kí ẹ̀rọ sì wà nísàlẹ̀ orí. Ẹ máa wo asẹ́ tó ń sẹ́ eruku nínú ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ó bá ti dúdú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí iná bá lọ

Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ẹ bọ́ ìbòmú kíá. Afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ ló ń lé èémí tí a mí síta gba àwọn ihò kéékèèké yẹn jáde. Bí kò bá fẹ́ mọ́, èyí tí a ti mí síta la ó tún máa fà wọlé. Ohun tó ń gbé omi gbóná ló ń mu iná jù, nítorí náà ẹ pa á bí ẹ bá ń lo bátìrì. Ẹ ka iye fóòtì tó wà lára ẹ̀rọ kí ẹ tó so ó mọ́ ohunkóhun. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ fèrèsé: gáàsì olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Lálẹ́ tí kò bá sí iná rárá, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sùn.

Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ń bà mí lẹ́rù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, iléeṣẹ́ Philips kéde pé kí wọ́n dá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mímí wọn padà, nítorí pé fóòmù inú wọn lè jẹrà kí èérún rẹ̀ wọ inú afẹ́fẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, agbára afẹ́fẹ́ tí wọ́n ṣètò fún ẹlòmíràn lè má bá yín mu.

Ohun tó kù

Ògógóró, oògùn oorun àti tramadol ń mú kí ọ̀fun dẹ̀ tàbí kí mímí lọ sílẹ̀. Obì gbànja lálẹ́ kò ní jẹ́ kí ojú pa dé. Ẹni tí ìbòmú ń fún láyà, kó máa wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án nídìí rédíò fún ìṣẹ́jú díẹ̀ títí yóò fi mọ́ ọn lára.

Ẹ wo AHI lójú ẹ̀rọ, iye ìgbà tí èémí ń dá tàbí tó ń kéré láàárín wákàtí kan. Bó bá ju 5 lọ lójoojúmọ́, tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tó ṣì rẹ yín, tàbí tí afẹ́fẹ́ ń wú yín nínú, ẹ gbé ẹ̀rọ, ìbòmú àti káàdì kékeré inú ẹ̀rọ tó ń pa àkọsílẹ̀ oorun mọ́ lọ sí ọsibítù. Ẹ má yí agbára afẹ́fẹ́ rẹ̀ fúnra yín. Títí wọn yóò fi yanjú rẹ̀, ẹni tó bá ń tòògbé lọ́sàn-án kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀, ọ̀kadà tàbí katakata.