Owó X-ray tó ń dùn mí

Owó X-ray yẹn ṣì ń dùn mí, torí ohun tí àbúrò mi gbé mì kì í ṣe ohun tí X-ray ń fi hàn. Fóòmù ni. Ọpọlọ rẹ̀ ò dàgbà tó ọjọ́ orí rẹ̀, kò lè sọ ibi tó ń dùn ún, ó sì máa ń jẹ ohun tí kì í ṣe oúnjẹ. Pica làwọn oníṣègùn ń pè é.

Oúnjẹ ò wọlé mọ́, ó ń bì, ikùn rẹ̀ le. A dé ọsibítù, a gba káàdì, a rí dókítà. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ó rí i tó ń forí gbá ògiri, ó ní, "Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn?" Mo ní rárá o, kì í forí gbá ògiri, inú ló ń run ún. Ohunkóhun tó bá ṣe ọmọ yìí, wọ́n á ní ọpọlọ rẹ̀ ni.

Wọ́n ya X-ray, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan, wọ́n kọ oògùn tí á jẹ́ kó sùn, wọ́n ní ká máa lọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, owó ẹyọ àti bátìrì ló máa ń hàn. Fóòmù, ọ̀rá, aṣọ, igi, wọn kì í sábà hàn." Ó ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́. N ò dìde lẹ́nu ọ̀nà yẹn títí wọ́n fi pààrọ̀ iṣẹ́. Mo gbé fóòmù tó já jẹ, tí mo dì sínú ọ̀rá wá, fún dókítà obìnrin tó gbaṣẹ́. Ó wò ó, ó tẹ ikùn rẹ̀, ó pe àwọn oníṣẹ́ abẹ. Wọ́n ṣe CT scan, àwòrán inú ara tó hàn ju X-ray lọ, owó ńlá mìíràn nìyẹn, wọ́n sì yọ ìṣùpọ̀ fóòmù tó dí ìfun rẹ̀. Inú mi dùn gan-an pé n ò gbà kí wọ́n lé wa.

Tí ẹni yín náà bá gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mì, ẹ mú àjẹkù ohun tó jẹ dání lọ ọsibítù; òun ló gbà wá. Tó bá jẹ́ bátìrì pẹlẹbẹ, irú ti aago ọwọ́, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́. Láàárín wákàtí 2 ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun. Òòfà (magnet) méjì lè fún ìfun mọ́ àárín kó sì dá ihò sí i. Ẹ má fi epo pupa mú un bì.

Kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá èròjà ayọ́nù (iron) tó, torí àìtó rẹ̀ máa ń bá ìwà jíjẹ ohun tí kì í ṣe oúnjẹ yìí rìn. Ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n tó yẹ tiwa wò, kò sì tó. Láti kékeré la ti ń gbé e lọ ọsibítù, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ àyẹ̀wò yẹn fún wa rí.