Bí a Ṣe Ń De Kúlà Ọ́ìlì Jíà Mọ́ Ọkọ̀ Tí Ń Gun Òkè Ẹ̀fọ̀n

Bí ọkọ̀ jíà ọ́tò bá di ẹrù iṣu ní Arámọkọ, tó sì gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè lọ́sàn-án gangan, ọ́ìlì jíà rẹ̀ yóò gbóná gan-an, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, radíétọ̀ tó ń tu omi ẹ́ńjìnnì náà ló ń tu ọ́ìlì jíà. Kúlà àfikún, ìyẹn radíétọ̀ kékeré tó ń tu ọ́ìlì jíà nìkan, yóò ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ́ìlì bá ti dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ kọ́kọ́ yẹ jíà wò, nítorí kúlà kì í tún jíà tó ti bàjẹ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tutù lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ tú bọ́ńpà iwájú, kí ẹ sì fi irin pẹlẹbẹ de kúlà mọ́ férémù, níwájú kọ́ńdẹ́nsà, ìyẹn radíétọ̀ tó ń tu gáàsì ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀. N kò fara mọ́ àwọn tó ń fi okùn rọ́bà gún ewé kọ́ńdẹ́nsà kọjá, nítorí pé bí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n ni kúlà yóò máa ha á, títí gáàsì yóò fi jò.

Mímọ páìpù tí ọ́ìlì ń gbà padà ni iṣẹ́ gan-an. Páìpù méjì ló so jíà mọ́ radíétọ̀: ọ̀kan ń gbé ọ́ìlì gbígbóná wá, èkejì ń dá a padà. Ẹ tú ọ̀kan lẹ́nu radíétọ̀, ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹnìkan fi jíà sí páàkì, kó tan ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 2 péré. Bí ọ́ìlì bá tú láti ẹnu radíétọ̀, páìpù ìpadà lẹ tú. Bó bá jẹ́ inú páìpù ló ti tú, èkejì ni ìpadà. Lórí ìpadà ni kí ẹ so kúlà mọ́, kí ọ́ìlì lè ti radíétọ̀ bọ́ sínú rẹ̀ kó tó wọ jíà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ radíétọ̀ kúrò lọ́nà ọ́ìlì, nítorí pé ní òwúrọ̀ ọyẹ́, òun náà ló ń mú ọ́ìlì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Rọ́bà tí wọ́n ṣe fún ọ́ìlì jíà ni kí ẹ fi so kúlà mọ́ páìpù, nítorí rọ́bà omi yóò wú, yóò sì bẹ́. Ẹ fi kílíìpù de ẹnu kọ̀ọ̀kan, kó sì jìnnà sí sàlẹ́ǹsà àti bẹ́líìtì.

Kúlà tuntun yóò gba ọ́ìlì díẹ̀ sínú, nítorí náà ẹ fi irú ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ kún un, kí ẹ sì wọn ọ́n bí ìwé náà ti wí, nígbà tí ọkọ̀ bá gbóná. Lẹ́yìn tí ẹ bá kọ́kọ́ gun òkè náà, ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ fi àkísà funfun nu gbogbo ẹnu rọ́bà. Èyí tí ọ́ìlì bá hàn lára àkísà rẹ̀ ni kí ẹ tún kílíìpù rẹ̀ fún.