Mo ra orúkọ ìkànnì tí líǹkì rẹ̀ pọ̀, àmọ́ Google kò gbé e jáde

Ìbéèrè: Orúkọ ìkànnì tí ẹni tó ni ín kò sanwó rẹ̀ mọ́ ni mo rà, nítorí líǹkì tó ń wá síbẹ̀ láti ibòmíràn. Mo ti kó iṣẹ́ mi síbẹ̀, síbẹ̀ Google kò gbé e jáde.

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wá ìtàn rẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ náà sínú Wayback Machine ní archive.org, kí ẹ wo bó ṣe rí lọ́dọọdún. Bó bá jẹ́ ìkànnì ìlera tó wá ṣàdédé di ti tẹ́tẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti lò ó nílòkulò ṣáájú yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wo “Manual actions”, ìyẹn ìyà tí Google fi jẹ ìkànnì, nínú Google Search Console, irinṣẹ́ tí Google ṣe fún àwọn tó ni ìkànnì. Ìyà tó wà lórí orúkọ kan kì í kúrò kìkì nítorí pé ó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ bá bá a níbẹ̀, ẹ tún ibi tó bàjẹ́ ṣe, kí ẹ sì bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀ pé kí wọ́n tún un yẹ̀ wò.

Ìbéèrè: Kò sí ìyà níbẹ̀, àwọn líǹkì náà sì wà.

Ìdáhùn: Ẹ̀rí lórí iṣẹ́ kan pàtó ni líǹkì. Ẹni tó tọ́ka sí ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ kò jẹ́rìí sí ẹni tó ń ta bàtà. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Google fi í sínú ìlànà rẹ̀ pé spam (ọgbọ́n ẹ̀tàn) ni kéèyàn ra irú orúkọ bẹ́ẹ̀, kó sì kó ohun tí kò wúlò síbẹ̀ kó lè fi gbapò iwájú. Ó sì tún lè jẹ́ pé ojú ewé tí àwọn líǹkì náà ń lọ kò sí mọ́. Ẹ má darí gbogbo wọn sí ojú ewé àkọ́kọ́. Google sábà máa ń ka ìyẹn sí ojú ewé tí kò sí. Ẹ kọ tiyín lórí kókó kan náà, ní àdírẹ́sì àtijọ́ gan-an. Ẹ má da ti ẹni àkọ́kọ́ kọ o, òun ló ṣì ni ín.

Ìbéèrè: Ṣé irú rẹ̀ tiẹ̀ yẹ ní rírà?

Ìdáhùn: Ó yẹ, bí iṣẹ́ yín bá bá ti àtẹ̀yìnwá mu, tí àwọn èèyàn sì ṣì ń gba àwọn líǹkì náà wọlé. Ẹ yẹra fún orúkọ tó jọ ti ilé iṣẹ́ kan. Látọdún 1999 ni ICANN, àjọ tó ń bójú tó orúkọ ìkànnì, ti ní ìlànà tí ilé iṣẹ́ náà lè fi gbà á lọ́wọ́ yín.

Ìbéèrè: Ímeèlì tí mo ń fi ránṣẹ́ ń bọ́ sínú spam.

Ìdáhùn: Ẹ wò ó lórí Spamhaus, àjọ tó ń kọ orúkọ tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ spam sílẹ̀, bóyá orúkọ náà wà níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ímeèlì tó ń wọlé náà: lẹ́tà ẹni àtijọ́ lè máa wá, títí kan èyí tí wọ́n fi ń yí password padà. Ẹ má ṣe lò ó.