Bí A Ṣe Ń Dènà Gìrì Fún Ọmọ Tí A Fẹ́ Pààrọ̀ Mùdùnmúdùn Egungun Fún

Ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí wọ́n fẹ́ fún ní mùdùnmúdùn egungun ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀, sábà máa ń kọ́kọ́ gba oògùn líle tí yóò pa tirẹ̀ run kí tuntun lè ráyè. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà ni busulfan, èyí tó máa ń wọ inú ọpọlọ, tó sì lè fa gìrì fún ọmọ tí kò ní wárápá rí.

Kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà bí gìrì tàbí rọpárọsẹ̀ bá ti kọlu ọmọ náà rí, kí ẹ sì dárúkọ gbogbo oògùn tó ń lò, títí kan àgbo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àgbo pamọ́ nítorí ìtìjú.

Lẹ́yìn èyí ni oògùn tí ń dènà gìrì. Ó gbọ́dọ̀ ṣáájú busulfan wọ ara. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní wákàtí 12 ṣáájú, wọn kì í sì í dá a dúró títí ó kéré tán wákàtí 24 yóò fi kọjá lẹ́yìn busulfan ìkẹyìn. Phenytoin ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè lé busulfan jáde, débi pé iṣẹ́ rẹ̀ lè má tó. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ dókítà fi yan levetiracetam báyìí. Ọmọ lè máa bínú lórí ohun tí kò tó nǹkan nígbà tó bá ń lò ó. Bí ó bá bì í, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀.

Parasitámọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù, nítorí òun ni ọwọ́ wa máa ń kọ́kọ́ nà sí bí ara ọmọ bá gbóná. Láàárín wákàtí 72 ṣáájú busulfan, àti nígbà tí ọmọ bá ń gbà á, ó lè dín agbára tí ẹ̀dọ̀ fi ń pa oró busulfan kù, kí ó wá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má fún un láìgba àṣẹ dókítà.

Nígbà tí busulfan bá tán, ewu kò tíì tán. Cyclosporine àti tacrolimus, àwọn oògùn tí wọ́n ń fún ọmọ kí ara rẹ̀ àti mùdùnmúdùn tuntun má baà bá ara wọn jà, lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru, kí èròjà magnesium inú ẹ̀jẹ̀ sì dín kù, gìrì sì lè ti ibẹ̀ wá. Bí ọmọ bá ní orí ń fọ́ òun tàbí pé ojú òun ń ṣú, ẹ pe nọ́ọ̀sì.

Bí gìrì bá ṣẹlẹ̀, ẹ dá ọmọ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má ki ṣíbí tàbí ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ ké pe olùtọ́jú, kí ẹ sì wo aago, nítorí pé iye ìṣẹ́jú tó gbà wà lára ohun tí dókítà yóò béèrè.